Owó Igi Ṣáájú Owó Ẹwà: Màńdólíìnì Tó Dáa fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Ọ

Ẹni tó bá ti kọ́ màńdólíìnì fún oṣù mélòó kan máa ń ní ẹ̀sùn kan náà lẹ́nu. Ìka ń dùn ún. Kọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lẹ́bàá orí ohun èlò náà dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sún mọ́ àyà rẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Wọ́n á ní kó túbọ̀ máa fi ọwọ́ sí i. Ìmọ̀ràn rere ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọwọ́ ló jẹ̀bi. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí tó fi gbé ohun èlò rẹ̀ jù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ afárá abẹ́ wáyà tó yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ló ń ba orin rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ti pinnu pé òun fẹ́ kúrò lórí màńdólíìnì olówó pọ́ọ́kú. Èrò tèmi kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí ó ná owó lórí igi, kí ó tún ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò bá a tò ó, kí ó sì fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.

Màńdólíìnì kì í fojú fo àṣìṣe. Wáyà mẹ́jọ ló ní, wọ́n wà ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, ohùn tí a sì ń yí wọn sí kò yàtọ̀ sí ti fáólíìnì: G, D, A, E. Láti ara nut, ìyẹn egungun kékeré tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé orí, títí dé afárá tó gbé wáyà dúró lórí àyà, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Ti gìtá máa ń tó 65. Bí afárá gìtá bá yẹ̀ ní mílímítà 2, àwọn kan lè má fura. Lórí màńdólíìnì, mílímítà 2 yẹn á ti ohùn kúrò ní àyè rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ààbọ̀ ohùn tí a bá tẹ fret kejìlá, ìyẹn ìkejìlá nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn. Wáyà méjì ló sì ń dún pọ̀ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ìkan bá ṣì, ìkejì á tú u fó.

Naples ní Ítálì ni irú èyí tí ayé mọ̀ ti gbilẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìdílé Vinaccia wà lára àwọn tó lórúkọ jù nídìí iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn màńdólíìnì wọn sì yọ ikùn. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Orville Gibson, ní ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, gba ọ̀nà mìíràn: ó ń gbẹ́ àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí àwọn tó ń ṣe fáólíìnì ṣe ń gbẹ́ tiwọn. Ọdún 1902 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lloyd Loar, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ata-màńdólíìnì, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1919, ó sì kúrò ní 1924. Lásìkò rẹ̀ ni wọ́n gbé F-5 jáde ní 1922, tó ní ihò méjì tó rí bíi lẹ́tà f lójú àyà, bíi ti fáólíìnì. F-5 yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń wò ṣe tiwọn títí di òní.

Ìkákò kan wà ní èjìká F-5, ó yípo wọnú ara rẹ̀, ó sì ní àwọn ṣóńṣó tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rẹwà, kò sí àríyànjiyàn. Èyí tí kò ní ìkákò, tí wọ́n ń pè ní A, rí ṣákálá díẹ̀ lójú ẹni tó ti fi fídíò àwọn ọ̀gá bọ́ ojú. Ṣùgbọ́n ìkákò yẹn kò fi ohunkóhun tó ṣeé tọ́ka sí kún ohùn. Wákàtí tí oníṣẹ́ fi gbẹ́ ẹ lẹ ń sanwó rẹ̀. Nínú ilé iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú igi kan náà, F máa ń gbówó lórí ju A lọ dáadáa. Owó tí ẹ bá fi ra F tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní láárí lè ra A tó ní láárí gan-an. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹran àti iyọ̀ ló yẹ kí owó náà bá lọ, kì í ṣe ìkòkò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni igi àyà. Plywood ni ti èyí tó rọjú jù lọ: igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ kí àárín rẹ̀ lè yọ díẹ̀. Kì í tètè là, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbọ̀n bó ṣe yẹ kí àyà ohun èlò gbọ̀n, ohùn rẹ̀ a sì máa há sínú. Èyí tó dáa jù ni ojúlówó spruce tí wọ́n gbẹ́, tí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ojúlówó maple. Àwọn kan wà láàárín méjèèjì, tí spruce wọn jẹ́ ojúlówó àmọ́ tó jẹ́ pé ooru ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dípò kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Kò burú, bí owó kò bá tó.

Olùtajà lè sọ fún yín pé ojúlówó ni. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gbé e lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa, kí ẹ wo etí ihò àyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ plywood, ẹ ó rí ìpele, ọ̀kan mọ́ díẹ̀, ọ̀kan ṣú, bí wọ́n ṣe jókòó lé ara wọn. Bó bá jẹ́ ojúlówó, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú igi á ṣẹ́ kọ́nà ní etí ihò náà, wọ́n á sì wọ inú lọ láìdáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá ti kun etí ihò náà ní dúdú, tàbí wọ́n fi ike yí i ká (àwọn tó dáa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn), ẹ fi kámẹ́rà fóònù yọjú wo inú. Ìlà tàbí kókó tó wà lóde gbọ́dọ̀ wà nínú níbi kan náà. Bí inú bá ń sọ ìtàn tó yàtọ̀ sí ti òde, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń rà.

Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ, Eastman MD305 àti Kentucky KM-150 ni àwọn olùkọ́ sábà ń tọ́ka sí fún ẹni tó fẹ́ gòkè sí ìpele kejì. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe àwọn méjèèjì, A ni wọ́n, igi wọn jẹ́ ojúlówó tí wọ́n gbẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa á máa gbọ́ orúkọ bíi Collings, tí wọ́n ń ṣe ní Texas. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Orin tí ẹ fẹ́ máa ta náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Ihò f máa ń ju ohùn síwájú, ó máa ń mú ṣáṣá, òun sì ni àwọn olórin bluegrass ti Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti ìgbà tí ọ̀gá wọn, Bill Monroe, ti gbé e lọ́wọ́. Ihò kan ṣoṣo láàárín àyà máa ń fún ohùn ní ara, ó máa ń pẹ́ kí ó tó kú. Ó bá orin ilẹ̀ Ireland lára mu, ó sì bá ẹni tó ń dá nìkan ta nílé lára mu. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní bandolim, Jacob do Bandolim fi oníhò kan ṣoṣo ta orin choro tí àwọn ará Rio kò tíì gbàgbé. Ní Íńdíà, U. Srinivas gbé èyí tó ń lo iná mànàmáná, ó sì fi ta orin Carnatic àtayébáyé, tó jẹ́ pé láti kékeré ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀dọ̀ wa náà, nígbà tí Túndé King àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ́ jùjú nílẹ̀ l'Ékòó, bánjò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé ti àlejò ni.

Ẹni tí ìka rẹ̀ bá tóbi, kó wo fífẹ̀ nut. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 28. Àwọn kan wà tó tó 30. Ẹni tí kò tíì di màńdólíìnì mú rí lè rò pé mílímítà 2 kò tó nǹkan.

Àlòkù ńkọ́? Àwọn A tí Gibson ṣe ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ṣì wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ohùn ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dùn dé ọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1922 kò ní irin tí a fi ń tún ọrùn ṣe nínú. Bí ọrùn bá ti tẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ wo àyà lábẹ́ afárá bóyá ó ti jìn wọlé. Bó bá ti jìn, ẹ kí onílé kí ẹ sì máa lọ.

Mo ti dárúkọ Bill Monroe. F-5 tí Loar buwọ́ lù ní July 1923 ni tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Florida ló ti rà á ní àwọn ọdún 1940. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó dá a padà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é pé kí wọ́n bá òun tún ọrùn, fret àti àwọn nǹkan mìíràn ṣe. Wọ́n fi í pamọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, wọ́n sì dá a padà láìṣe púpọ̀ nínú ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Inú bí i débi pé ó fi ọ̀bẹ ha orúkọ ilé iṣẹ́ náà kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó parí ìjà yẹn. Mo máa ń rántí ìtàn yìí bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ohun èlò tó dáa kò nílò àtúnṣe. Èyí tó dáa jù láyé gan-an nílò rẹ̀, olówó rẹ̀ sì mọ̀.

Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti rà á, tàbí kí ẹbí kan gbé e bọ̀ láti òkè òkun. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá ṣí páálí tí ẹ sì bá afárá tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Títẹ̀ tí wáyà tẹ̀ ẹ́ ló mú un dúró, nítorí náà bí wọ́n bá dẹ wáyà kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó lè ṣubú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà kí ẹ tó sanwó bóyá ẹnikẹ́ni á tò ó kó tó fi ránṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí iye rẹ̀ bá tilẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ìdí ni pé màńdólíìnì sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ jáde láìtíì tò tán. Wọ́n máa ń fi ojú nut sílẹ̀ ní gíga. Wọn kò ṣe é láti fìyà jẹ yín: ojú nut tó ga, oníṣẹ́ lè fi fáìlì bù ú sílẹ̀, èyí tó bá ti jìn jù, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó rà á tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bẹ́ẹ̀ ló ń fi ìka sanwó. Ẹ tẹ wáyà mọ́lẹ̀ láàárín fret kejì àti ìkẹta, kí ẹ wá wo orí fret kìíní. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju irun orí lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti mọ ohun tó ń dun ìka yín, ẹ sì ti mọ ìdí tí kọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ orí fi ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo máa ń rọ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, torí fáìlì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbówó lórí, ọwọ́ sì lè já.

Ṣùgbọ́n ọrùn la ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ di wáyà G kan mú ní fret kìíní àti níbi tí ọrùn ti wọ àyà, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí ìwé pelebe kan lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ láàárín. Bí kò bá sí àlàfo kankan, wáyà á máa lu fret; bí àlàfo bá pọ̀, ọrùn ti tẹ̀ síwájú. Irin inú ọrùn la fi ń tún un ṣe, ìdérí kékeré tó wà lójú orí ló bò ó. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yí wáyà padà sí ohùn, kí ẹ tún un wò. Bó bá le, ẹ má fi agbára mú un.

Lẹ́yìn ọrùn, ẹsẹ̀ afárá. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sórí àyà láìsí àlàfo níbì kankan, torí ẹsẹ̀ yìí ni ohùn ń gbà wọ inú igi. Ẹ gbìyànjú láti ti etí bébà wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá wọlé, ẹsẹ̀ náà kò bá ìtẹ̀ àyà mu. Oníṣẹ́ á tẹ́ sánpépà sórí àyà, ojú rẹ̀ tó há á wà lókè, á wá máa fi afárá rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìsàlẹ̀ afárá á fi gba àwòrán àyà tó jókòó lé. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Mo ti gbọ́ màńdólíìnì kan náà ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti àfetífura.

Gíga wáyà ló kàn. Ní fret kejìlá, láti orí fret dé abẹ́ wáyà, mílímítà 1.5 sí 2 ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu. Nọ́ọ̀tì roboto méjì ló wà lára afárá, ẹ̀gbẹ́ kìíní-kejì. Àwọn la ń yí láti gbé e sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ dẹ wáyà kí ẹ tó yí wọn sókè, kí ẹnu nọ́ọ̀tì má baà jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ìfẹ́ àtitẹ̀ pẹ́lẹ́ mú yín sọ ọ́ kalẹ̀ jù. Wáyà tó bá lọ sílẹ̀ jù kì í ní agbára, bó tilẹ̀ rọ ìka lọ́rùn.

Àyè afárá ló gbẹ̀yìn, òun ló sì tó kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀, torí pé afárá lè yẹ̀ nígbàkigbà. Wáyà tuntun ni kó wà lórí rẹ̀. Wáyà tó ti gbó máa ń parọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ inú fóònù yí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan wáyà E fẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ta á: ohùn kan tó dún bí aago á jáde. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kí ẹ tún ta á. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga ju èkíní lọ, ẹ sún ẹsẹ̀ afárá lọ́hùn-ún ní ìwọ̀n díẹ̀ sí ìdí. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ sún un sí ọ̀dọ̀ ọrùn. Ẹ ṣe ti G náà bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kejì afárá lẹ máa sún. Ẹ padà sí E, torí pé sísún ìkan lè da ìkejì rú díẹ̀. Bí méjèèjì bá ti jókòó, A àti D sábà máa ń bá wọn jókòó, nítorí orí afárá kì í ṣe ìlà tààrà. Wọ́n ti gé e ní wọ́gọwọ̀gọ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì bára mu, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti gbé afárá náà kọ ẹ̀yìn síwájú. Ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé fa ìlà fẹ́lẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹ bá ti parí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun.

Wáyà tó wọ́pọ̀ ní ìpele méjì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.011 íǹṣì dé 0.040 ló bá ihò f mu, ó sì ń fún un ní agbára. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.010 dé 0.038 fúyẹ́, òun ni mo máa ń fún ohun èlò àtijọ́ àti ìka tí kò tíì le. Pick tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ta gìtá kò bá a mu rárá. Ẹ wá èyí tó nípọn tó mílímítà 1 sí 1.5. Bí nǹkan bá ń ró ṣeeṣee tí ẹ kò mọ ibi tó ti ń wá, ẹ wo wáyà lẹ́yìn afárá, kí ẹ ki awọ kékeré sí àárín wọn.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá ojúlówó igi. Nínú ìwọ̀n ọ̀rinrin, 40 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá igi wọ̀nyí lára mu. Bí ọyẹ́ bá dé, ọrùn á sún kì, etí fret á sì yọ síta tí yóò máa ha ọwọ́. Àyà á rọ̀ sílẹ̀, wáyà á sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà òjò, àyà á wú, wáyà á ga. Nítorí náà, yíyí nọ́ọ̀tì afárá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kì í ṣe ìbàjẹ́. Inú àpótí rẹ̀ ni kó máa sùn, pẹ̀lú kànìnkànìn tó tutù díẹ̀ nínú ike tí wọ́n dá lu lásìkò ọyẹ́. Ẹ má gbé e sí iwájú AC, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án: oòrùn ń mú gọ́ọ̀mù rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí kò tíì ra tuntun. Gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ná. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń tún fáólíìnì ṣe, ó ti mọ afárá tí wọn kì í lẹ̀, ìyẹn dáa ju ẹni tí gìtá nìkan ló mọ̀ lọ. Lẹ́yìn tó bá ti tò ó, plywood náà á bá ohùn mu, ìka á sì sinmi. Fi í ta orin fún ìgbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ohun tó kù tó ń yọ ọ́ lẹ́nu bá jẹ́ pé kò pariwo tó, tàbí pé ohùn rẹ̀ ń kú kíá, a jẹ́ pé igi ni, owó tuntun ló sì máa yanjú rẹ̀. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, fi owó náà sílẹ̀ ní báńkì.